Ìwé Tí Àǹtí Ìgbẹ́kẹ̀lé Gbà Gbọ́

Ojú ewé kẹtàlélógójì ni mo dé tí mo gbàgbé pé iṣẹ́ ni mo wà. Ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì ń hó, bébà ń jáde, èmi dúró tì í, mo la ẹnu bí ẹni tó ń wo sinimá. Bọ̀dá Láńre, ọ̀gá mi, fi rúlà gbá tábìlì.

"Tolú! Ṣé wọ́n ní kó o kà á ni, àbí wọ́n ní kó o dà á kọ?"

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ó ti fẹ́ rí lẹ́tà náà lábẹ́ ìrọ̀rí!"

"Ta ni? Jẹnẹrétọ̀ ń mu epo, ìwọ ń wá lẹ́tà lábẹ́ ìrọ̀rí. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n fi ọ́ ṣọ́ báńkì."

Ọdún 2005 nìyẹn, ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Apple Junction, ní Festac. Àǹtí Ìgbẹ́kẹ̀lé Akínfẹ́nwá ló gbé ìwé náà wá. Tíṣà ni wọ́n ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la sì jọ ń lọ. Wọ́n dì í sínú náílọ́ọ̀nù méjì, torí ẹ̀yìn ìwé ti já, ojú ewé ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí eyín arúgbó. Ìyá wọn tó ti kú ló ni ín. Wọ́n ní kí n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí àwọn lè máa ka ẹ̀dà, kí ojúlówó máa sinmi. Páálí iwájú ti lọ tipẹ́, orúkọ ìwé àti orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sì ti bá a lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni iṣẹ́ yẹn gbà mí. Ká sọ òótọ́, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Kíkà ni mò ń kà.

Ẹ ò rí ìwé! Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì ni, obìnrin, nílùú òyìnbó láyé àtijọ́, bàbá wọn ń fi agbára omi odò lọ àlìkámà. Ọkùnrin kan wá wọn ilẹ̀ ládùúgbò wọn. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ràn rẹ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó wá rí lẹ́tà ìfẹ́ kan lábẹ́ ìrọ̀rí àbúrò rẹ̀, lẹ́tà tí kò lórúkọ, ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé awọnlẹ̀ yìí kan náà ni àbúrò òun ń kọ ọ́ sí. Kò béèrè. Lọ́jọ́ tí awọnlẹ̀ wá bi í bóyá yóò fẹ́ òun, ó dúró lẹ́nu géètì, ó ní rárá. Ojú rẹ̀ gbẹ. Ó wọlé, ó lọ gbé omi tíì kaná.

Ọkùnrin náà lọ. Òjò rọ̀ mọ́jú. Nígbà tó di ọjọ́ kejì ó padà wá, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, ó ní: "Ẹnu rẹ ni mo gbọ́ lánàá. Mi ò tíì gbọ́ ojú rẹ."

Mo pariwo nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń ran bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sáré wọlé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́.

Nígbà tí Àǹtí wá gba ìwé wọn, mi ò tiẹ̀ kí wọn dáadáa. "Àǹtí, ibo lẹ ti sunkún nínú ẹ̀? Èmi, ibi tó ti padà wá ni!"

"Ibi tó ti gbé omi tíì kaná," wọ́n ní.

"Omi tíì kẹ̀? Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ìwọ ń wo ọkùnrin, Tolú. Obìnrin yẹn ni kó o wò. Ó dáná fún gbogbo wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó mọ̀."

Mo ní ohun tó bí mi nínú ni pé òǹkọ̀wé náà fẹ́ràn igi jù, ojú ewé mẹ́rin lórí igi kan ṣoṣo, igi tí kò so èso. Mo tún ní àbúrò inú ìwé yẹn ya ọ̀lẹ, kò fọ abọ́ kan títí ìwé fi parí. Àǹtí rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n di tábìlì mú.

"Àdúrà, àbúrò tèmi, ń fọ abọ́ o. Tí mo bá ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta."

Àdúràolúwa ni àbúrò wọn kan ṣoṣo. Ẹni kẹta nínú ilé náà ni bàbá wọn, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú lápá ọ̀tún. Òkè kejì ni wọ́n ń gbé ní Fourth Avenue. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni Àǹtí nígbà tí ìyá wọn kú, wọ́n sì fi ilé ìwé gíga sílẹ̀ láti wá tọ́jú ilé. Owó tíṣà ni wọ́n fi rán Àdúràolúwa lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, wọ́n ti pé márùndínlógójì. Ẹ mọ bí àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ń bá ẹni tó pé márùndínlógójì tí kò tíì lọ́kọ bọwọ́. Wọ́n á di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ́, wọ́n á máa wo ojú rẹ̀ bí ẹni ń kí olókùúnrùn.

Ẹnìkan wà tí kì í wò wọ́n bẹ́ẹ̀. Bùrọ̀dá Ọbáfẹ́mi ni, alábòójútó ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń tún fíríìjì ṣe ní Mazamaza. Bùrọ̀dá náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n á dé Fourth Avenue, wọ́n á pọn Bàbá Akínfẹ́nwá sẹ́yìn bí ọmọdé, wọ́n á gbé e sọ̀kalẹ̀ láti òkè kejì, wọ́n á gbé e sínú ọkọ̀ wọn tó ń rùn bíi gáàsì fíríìjì. Àdúràolúwa á jókòó níwájú, á máa fi ọkọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á jọ máa rẹ́rìn-ín. Àǹtí á jókòó lẹ́yìn, wọ́n á di orí Bàbá mú.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, arákùnrin kì í dá arábìnrin dúró lójú ọ̀nà pé mo fẹ́ ọ. Bó bá ti gbàdúrà, tó gbà pé Ọlọ́run ti fi ẹnìkan hàn òun, ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó ló ń lọ. Ìgbìmọ̀ á pe arábìnrin náà, wọ́n á fún un ní fọ́ọ̀mù, á lọ gbàdúrà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, kò sí ìpàdé, kò sí fóònù, kò sí àtẹ̀jíṣẹ́. Lẹ́yìn náà á kọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá, á mú un wá ní ẹ̀dà méjì, ọ̀kan fún ìgbìmọ̀, ọ̀kan fún arákùnrin. Bó bá jẹ́ rárá, ó parí nìyẹn. Arákùnrin ò gbọdọ̀ tọ̀ ọ́ lọ mọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá ń bẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn tí Ọlọ́run ti dáhùn, Ọlọ́run ló ń bá jà.

Oṣù kan lẹ́yìn tí mo ṣe ẹ̀dà ìwé yẹn, Àǹtí yà sí ṣọ́ọ̀bù wa lẹ́yìn iṣẹ́. Wọ́n tẹ́ fọ́ọ̀mù sórí tábìlì, wọ́n fi ìka sí ibi tí orúkọ arákùnrin wà. Ọbáfẹ́mi.

"Yéè! Àǹtí! Àǹtí mi!"

"Pa ẹnu ẹ mọ́," wọ́n ní, ṣùgbọ́n gbogbo eyín wọn ti wà níta.

Bọ̀dá Láńre yọjú láti ẹ̀yìn. "Kí ló dé? Ṣé ẹ̀rọ ti jó ni?"

"Rárá, Bọ̀dá. Nǹkan ayọ̀ ni."

"Nǹkan ayọ̀ wo ló ń pariwo bí i ti olè?"

Lọ́jọ́ yẹn, Àǹtí Ìgbẹ́kẹ̀lé ra bisikíìtì fún gbogbo wa, títí dórí ẹni tó ń ran bàtà. Mi ò rí wọn bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú, mi ò sì tún rí wọn bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ kọkànlá nínú ọ̀sẹ̀ méjì àdúrà náà ni wọ́n padà wá. Ojú wọn ti wọnú.

"Mo sọ fún Àdúrà," wọ́n ní. "A ń jẹun lọ́wọ́. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ọjọ́ kẹta rèé tí kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń sunkún, Tolú. Mò ń gbọ́ ọ lára ògiri."

Bí mo bá rántí èsì tí mo fọ̀, ó ń ṣe mí bíi kí n gé ahọ́n mi. Ara mi yá gágá. Mo ní, "Àǹtí, ìwé náà ni! Ìwé náà gan-an ni! Ẹ rántí bó ṣe ń jókòó níwájú ọkọ̀, tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín!"

"Ohun tí mò ń rò náà nìyẹn," wọ́n ní. Ohùn wọn lọ sílẹ̀ gan-an.

Mi ò bi wọ́n bóyá wọ́n ti béèrè lọ́wọ́ Àdúràolúwa. Ẹ̀gbọ́n inú ìwé náà ò béèrè.

"Èmi ni mo tọ́ ọmọ yẹn," wọ́n ní. "Mi ò lè gba nǹkan lẹ́nu ẹ̀." Wọ́n yí bírò láàárín ìka. "Ṣùgbọ́n tí mo bá kọ rárá, tó bá jẹ́ pé èmi ni Ọlọ́run fi hàn án lóòótọ́, á padà wá, àbí?"

"Á padà wá ni o! Kí ló máa dá a dúró? Ṣé ẹrẹ̀ Festac pọ̀ tó ẹrẹ̀ inú ìwé yẹn ni?"

A rẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì. Wọ́n wá tẹ̀ síwájú, wọ́n kọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ tíṣà wọn tó dúró ṣánṣán: *Lẹ́yìn àdúrà, Olúwa sọ pé rárá.* Èmi ni mo gbé e sórí díńgí ẹ̀rọ, èmi ni mo tẹ bọ́tìnnì. A ṣẹ̀ṣẹ̀ da yíǹkì tuntun sínú ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà ni. Ẹ̀dà dúdú ju ojúlówó lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Bùrọ̀dá Ọbáfẹ́mi ò wá sí Fourth Avenue. Wọ́n rán ọkùnrin mìíràn wá. Ọkùnrin náà gbé Bàbá dé àtẹ̀gùn kẹta, ó fi èjìká Bàbá gbá ògiri.

"Gbé mi padà sókè," Bàbá ní. Ọ̀rọ̀ wọn ti ń lọ́ látàrí àrùn yẹn, àmọ́ ó yé gbogbo àwa tó wà níbẹ̀. "Èmi kì í ṣe àpò sìmẹ́ńtì. Ọbáfẹ́mi dà?"

Bàbá Akínfẹ́nwá ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, Bùrọ̀dá Ọbáfẹ́mi ní, "Ẹ káàbọ̀ mà," bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn. Bàtà Àǹtí ni wọ́n wò. Àǹtí dúró díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, títí àwọn tó wà lẹ́yìn fi ń sọ pé ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣí ọ̀nà.

Bẹ́ẹ̀ ni Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Wọ́n á ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á gbé àga sẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí géètì, wọ́n á máa máàkì ìwé àwọn ọmọ níbẹ̀. Bí mo bá kọjá, mo máa ń gbé ojú sókè. Wọ́n á mi orí. Lẹ́ẹ̀kan òjò rọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, gbogbo Fourth Avenue kún fún omi, mo sì sáré lọ síbẹ̀ torí ọkàn mi sọ fún mi pé òní ni. Mo bá Àǹtí pẹ̀lú aṣọ tuntun lọ́rùn. Àwọn náà ti rò ó bẹ́ẹ̀.

"Bóyá ọ̀la," mo ní.

"Bóyá," wọ́n ní.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin lọ́rọ̀ jáde. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, mo wà nílé wọn, à ń ṣa ẹ̀wà. Àdúràolúwa wọlé pẹ̀lú àpòòwé kan lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ má bínú. Mo ti rí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sí Ireland. Físà ti jáde. Oṣù tó ń bọ̀ ni mò ń lọ."

Àǹtí wò ó. "Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Wọ́n ti gbà mí kẹ́ ẹ tó sọ ọ̀rọ̀ ọkọ yẹn. Ìdí tí mo fi sunkún nìyẹn. Mo ní ó tán, ẹ̀yin ń lọ ilé ọkọ, èmi ni mo máa jókòó ti Bàbá. Ìgbà tẹ́ ẹ wá ní ẹ ò ṣe mọ́, mo dọ̀bálẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo dúpẹ́. Mo ní Ọlọ́run gbọ́ tèmi."

"Kì í ṣe pé o fẹ́ràn Ọbáfẹ́mi?"

"Ta ni? Ọbáfẹ́mi onífíríìjì?" Àdúràolúwa bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ lu itan. "Àǹtí mi, ẹ gbà mí o! Kí n máa gbóòórùn gáàsì sùn?" Ó ń rẹ́rìn-ín lọ títí ó fi rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Kí ló dé? Kí ni mo sọ?"

Àǹtí dìde. Atẹ ẹ̀wà dojú dé lórí ẹsẹ̀ mi. Wọn ò mú gèlè, ilé Màmá Bọ́lárìnwá ni wọ́n forí lé, mo sì ń sáré tẹ̀ lé wọn.

Màmá Bọ́lárìnwá ni olórí ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó, ọ̀gá ilé ìwé àná kan tó ń gbé ní ẹ̀sítéètì Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Wọ́n ń fún àwọn adìyẹ wọn lóúnjẹ nígbà tá a dé.

"Mà, mo fẹ́ gba fọ́ọ̀mù mi padà," Àǹtí ní. "Mo ṣàṣìṣe."

"Ẹ̀yin lẹ ṣàṣìṣe ni, Sístà, àbí Ọlọ́run? Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ. Ẹ ní Olúwa sọ pé rárá."

"Olúwa ò sọ, mà. Èmi ni mo sọ."

Màmá gbé igbá oúnjẹ adìyẹ kalẹ̀. Mo rò pé wọ́n máa pariwo. Wọn ò pariwo. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí.

"Ìgbẹ́kẹ̀lé, ọmọ mi, ẹ bá ti wá bá mi lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Arákùnrin yẹn ti mú orúkọ mìíràn wá. Ọmọ́ṣaléwá, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ìwé ọjọ́ Ìsinmi. Ọjọ́ kẹta ló dá fọ́ọ̀mù padà, inú ẹ̀ dùn. Lọ́la la máa kéde wọn."

"Ẹ lè bá mi sọ fún un, mà. Kó kàn mọ̀."

"Kí n sọ kí ni? Kí n wá fọ́ ọkàn ọmọ ẹlòmíì, kí n lè tún tiyín ṣe?"

Àwọn adìyẹ ń ṣa oúnjẹ lẹ́sẹ̀ wa. Àǹtí ní, "Ẹ ṣé, mà," wọ́n kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, a sì fi ẹsẹ̀ rìn padà títí dé Festac. Àti Màmá Bọ́lárìnwá o, mi ò lè bú wọn. Mo ti gbìyànjú. Wọn ò ṣe ohun tó burú.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo gbé ẹ̀dà kan tí mo ti jí ṣe fún ara mi látinú ìwé yẹn, mo kà á látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́, mo bínú sí ìwé náà! Ohun tí mo rò pé ó jẹ́ ìfẹ́ ni mo wá rí pé ó jẹ́ àìgbọràn. Kò sí ìgbìmọ̀ létí odò yẹn, kò sí fọ́ọ̀mù, kò sẹ́ni tó lè ní kí awọnlẹ̀ má padà. Ó kàn wọ bàtà rẹ̀ ni. Arákùnrin tiwa ń bẹ̀rù Ọlọ́run. Ìwà tí Àǹtí torí rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni kò jẹ́ kó padà wá, èmi tí mo ti ka ìwé tó ìwé ò sì rí i.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìkéde, Bùrọ̀dá Ọbáfẹ́mi fúnra wọn gbé ètò ìgbéyàwó wá sí ṣọ́ọ̀bù wa pé kí n ṣe igba ẹ̀dà. Ọwọ́ mi ò lọ sí ẹ̀rọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò padà lọ bá Àǹtí Ìgbẹ́kẹ̀lé? Ẹnu wọn lẹ kàn gbọ́."

"Mi ò gbọ́ ẹnu wọn, Tolú," wọ́n ní. "Bébà ni mo rí."

"Wọ́n fẹ́ràn yín."

Ẹni tó ń ran bàtà dá iṣẹ́ dúró.

"Ṣé o mọ̀ pé mo dé géètì yẹn lẹ́ẹ̀mejì?" wọ́n ní. "Ọjọ́ Ẹtì méjì tẹ̀ léra. Ìgbà tí ìpàdé àdúrà ń lọ lọ́wọ́ ni mo lọ, torí mo mọ̀ pé wọn ò ní sí nílé. Mi ò fẹ́ rú òfin. Mo kàn fẹ́ dúró síbẹ̀ ni." Wọ́n tún àwọn bébà náà tò lórí tábìlì. "Ọmọ́ṣaléwá ò ṣẹ̀ mí. Jọ̀ọ́, bá mi ṣe igba náà."

Mo ṣe é. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Àdúràolúwa lọ sí Ireland lóṣù kọkànlá. Ọjọ́ kejì ìgbéyàwó Bùrọ̀dá Ọbáfẹ́mi ni mo lọ sí Fourth Avenue. Àǹtí ń fún Bàbá ní ògì lórí àga, wọ́n so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn.

"Mo gbọ́ pé ṣọ́ọ̀bù yín ló ṣe bébà ètò náà," wọ́n ní. Wọn ò wẹ̀yìn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí."

"Ṣé ó sọ nǹkan kan?"

Mo lè purọ́. Mo ti gbèrò láti purọ́ láti ẹnu géètì. Ṣùgbọ́n wọ́n yíjú sí mi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, géètì, ọjọ́ Ẹtì méjèèjì, gbogbo ẹ̀.

Wọ́n rò ó. Mo rí i bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ sẹ́yìn lójú wọn.

"Ọjọ́ Ẹtì," wọ́n ní. "Mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àdúrà pé kó wá ni mò ń gbà."

"Àǹtí, ẹ dákun, èmi ni mo—"

"Kì í ṣe ìwọ. Ìwọ kàn kàwé ni." Wọ́n bu ògì sí ṣíbí, wọ́n fẹ́ ẹ kó tutù. Ó pẹ́ tí wọ́n ń fẹ́ ẹ. "Bàbá, ẹ la ẹnu."